Ìgbà wo ló tó àsìkò kí ọmọ líìgì kékeré gòkè?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, kí sáà bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin ẹni ọdún 23 kan tó ń jẹ́ Kris Bryant gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nínú àwọn ìdíje ìgbaradì ẹgbẹ́ Chicago Cubs. Home run ni wọ́n ń pe irú gbígbá bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo líìgì tó gbá tó tirẹ̀ nígbà ìgbaradì náà. Nígbà tó wá ku ọjọ́ díẹ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀, Cubs ní kó padà sí Iowa, sí ẹgbẹ́ kékeré wọn.

Ní ọdún 2025, irú ọ̀rọ̀ yìí tún gba ìlú Boston kan nítorí ọmọ mìíràn, Roman Anthony. Kò sí ọdún tí kì í wáyé. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston, Chicago àti Atlanta, tí àwọn ọmọ wọn ti sọ bésíbọ́ọ̀lù di eré tiwọn, náà máa ń béèrè pé: bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n gbá tó báyìí, kí ló tún ń ṣe nísàlẹ̀?

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà rúni lójú ni pé ìbéèrè méjì ló wọnú ara wọn. Àkọ́kọ́ ni pé, ṣé ọmọ náà ti mọ iṣẹ́? Èkejì ni pé, èló ló máa ná ẹgbẹ́ bí wọ́n bá gbé e gòkè lónìí dípò ọ̀sẹ̀ méjì sí i? Ẹgbẹ́ lè máa ro èkejì nínú, kí wọ́n máa fi ẹnu sọ àkọ́kọ́. Màá ya méjèèjì sọ́tọ̀ níbí, torí lójú tèmi, àkọ́kọ́ nìkan ló yẹ kó pinnu.

Kí ni wọ́n ń pè ní líìgì kékeré?

Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní líìgì ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní MLB. Toronto nìkan ló wà ní Kánádà, àwọn 29 yòókù wà ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ kékeré mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, ní ìpele mẹ́rin: Single-A ló wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ High-A, lẹ́yìn rẹ̀ Double-A, kó tó wá kan Triple-A tó súnmọ́ òkè jù. Lábẹ́ gbogbo wọn, ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ tún wà ní Florida, Arizona àti Dominican Republic fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 17 lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Boston Red Sox ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2025, ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ máa gba Salem ní Virginia kọjá, kó lọ sí Greenville ní South Carolina, kó lọ sí Portland ní Maine, kó tó dé Worcester. Láti Worcester sí Fenway Park, níbi tí ẹgbẹ́ ńlá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ nínú mọ́tò. Àmọ́ àwọn kan máa ń pẹ́ ní Worcester, wọn kì í sì í dé Fenway títí ayé wọn.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ni kì í dé ibẹ̀. Demi Orimoloye, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Kánádà, wà lára àwọn tí Milwaukee Brewers mú ní ọdún 2015, ní ìpele kẹrin ìṣàyàn ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbá bọ́ọ̀lù ní ìsàlẹ̀ yìí. Gift Ngoepe láti South Africa wọṣẹ́ pẹ̀lú Pittsburgh Pirates ní ọdún 2008. Oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n tó pè é sókè, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Áfíríkà tó gbá bọ́ọ̀lù ní MLB. Nígbà àkọ́kọ́ tó mú igi, bọ́ọ̀lù rere ló gbá, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tó gbá a sáré dé béèsì, ọ̀kan nínú ibùdó mẹ́rin tó wà nínú pápá. Ní ìdàkejì, Nick Kurtz tí Athletics mú ní oṣù Keje ọdún 2024 ti wà lókè nígbà tí oṣù Kẹrin ọdún 2025 fi máa parí. Nítorí náà, kò sí iye ọdún kan pàtó tó bá gbogbo ọmọ mu.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti tó?

Home run púpọ̀ ní ìsàlẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Ẹ wo ohun tó ń dúró de onígi, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, lókè: láti ibi tí ajubọ́ọ̀lù dúró sí dé ibi tí onígi wà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré tó máìlì 94 láàárín wákàtí kan, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n àárín fún bọ́ọ̀lù yíyára ní MLB, kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ó ní láti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù náà á lọ tààrà ni tàbí á yà, bóyá á gba àárín kọjá tàbí ìta, kó tó ju igi. Ajubọ́ọ̀lù kan náà lè fi irú apá kan náà ju èyí tó yára àti èyí tó máa já sísàlẹ̀ lójijì.

Ní Triple-A, ọ̀pọ̀ ajubọ́ọ̀lù ní ọ̀kan nínú nǹkan méjèèjì yìí. Àwọn tó ní méjèèjì pa pọ̀, tí wọ́n sì lè fi wọ́n síbi tó wù wọ́n, ti wà lókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń fi ojú fo iye home run, tí wọ́n á lọ wo àwọn nǹkan mìíràn. Ṣé ọmọ náà máa ń lé bọ́ọ̀lù tó gba ìta lọ, tàbí ó máa ń fi í sílẹ̀? Tí bọ́ọ̀lù bá gba àárín, ṣé igi rẹ̀ ń bà á? Tó bá bà á, ṣé bọ́ọ̀lù náà ń fò pẹ̀lú agbára? Ọmọ tó gbá home run 30 ṣùgbọ́n tí igi rẹ̀ ń tàsé bọ́ọ̀lù tó gba àárín lemọ́lemọ́ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe, bí àwọn olólùfẹ́ tilẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Ti ajubọ́ọ̀lù yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n máa ń wò ó bóyá ó ní oríṣi bọ́ọ̀lù kẹta yàtọ̀ sí méjì tó gbójú lé, wọ́n sì máa ń ka iye tó ń jù, torí apá ọ̀dọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́ bí wọ́n bá sún ìwọ̀n rẹ̀ sókè lójijì.

Bí ọmọ bá tilẹ̀ ti tó, ṣé àyè wà fún un?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti máa ń ṣì lọ́nà. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú sáà, ẹni 26 péré ló lè wà nínú ẹgbẹ́ ńlá lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n bá gbé gòkè tí wọ́n sì ní kó jókòó, kó máa mú igi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ó sàn kó máa gbá lójoojúmọ́ ní Worcester ju kó máa pàtẹ́wọ́ ní Boston.

Ohun tí Anthony bá pàdé nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Àwọn mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá fún Red Sox ń ṣe dáadáa, kò sì sí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, ó gbá bọ́ọ̀lù kan ní Worcester tó fò tó ẹsẹ̀ bàtà 497, nígbà tí ẹni mẹ́ta ti wà lórí béèsì. Gbogbo Boston gbọ́. Lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn náà, Wilyer Abreu fara pa, àyè ṣí, wọ́n sì pe Anthony. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ kò rí bọ́ọ̀lù rere kankan gbá, bọ́ọ̀lù kan tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn pápá. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi máa dé, ó ti wà lára àwọn tó dára jù nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 130 dọ́là.

Ẹ wá fi Kristian Campbell wé e, ẹgbẹ́ kan náà, ọdún kan náà. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sáà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kọjá tí wọ́n ti fún un ní àdéhùn mílíọ̀nù 60 dọ́là, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tó pegedé jù fún oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn náà ni Triston Casas fara pa ní béèsì kìíní, wọ́n sì ní kí Campbell lọ máa kọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ibi tó ti ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀. Igi rẹ̀ kú. Ní oṣù Kẹfà, ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí Anthony dé, wọ́n dá Campbell padà sí Worcester. Mi ò lè fi gbogbo ẹ̀bi sí orí béèsì kìíní, ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ajubọ́ọ̀lù òkè jà kò yẹ ní ẹni tí wọ́n á tún di ẹrù iṣẹ́ tuntun lé lórí.

Kí ló dé tí ọjọ́ kan ṣoṣo fi lówó lórí tó bẹ́ẹ̀?

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ owó. Ẹ ronú nípa ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀: ó máa sin ọ̀gá fún iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé kó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, kó tó lè lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Agbábésíbọ́ọ̀lù náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló máa lò ní líìgì ńlá kó tó lómìnira láti bá ẹgbẹ́ tó bá wù ú ṣe àdéhùn. Àkókò tó lò ní líìgì kékeré kò sí nínú ìṣirò yẹn, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá.

Nínú ọdún mẹ́fà yìí, ẹgbẹ́ ló máa ń sọ iye tí wọ́n fẹ́ san ní mẹ́ta àkọ́kọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kéré sí iye tí òfin sọ; 760,000 dọ́là ni iye náà ní 2025. Ní ọdún mẹ́ta tó kù, bí wọn kò bá fẹnu kò, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ owó náà lọ síwájú àwọn onílàjà, owó á sì ga. Àwọn kan tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ta ṣùgbọ́n tí wọ́n súnmọ́ ọn tún máa ń rí ànfààní yìí ṣáájú àwọn ojúgbà wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi máa ń dúró di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó pe ọmọ. Owó gidi sì ń bẹ lẹ́yìn ọdún kẹfà.

Wàyí o, ọjọ́ 172 ni òfin kà sí ọdún kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sáà máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó tó ọjọ́ 183 ní ọdún 2015. Ẹni tó bá ṣe ọjọ́ 171 kò tíì pé ọdún kan. Ní ìparí ọdún kẹfà rẹ̀, ọjọ́ kan á kù ú kù, ẹgbẹ́ á sì tún ní in fún odindi ọdún keje.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bryant. Sáà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Cubs pè é ní ọjọ́ 17. Ẹ yọ ọjọ́ 12 kúrò nínú 183, ẹ máa rí 171. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹgbẹ́ náà sọ pé ó ṣì ní láti tún bó ṣe ń ṣọ́ pápá ṣe, àti pé ẹni tó wà ní béèsì kẹta ló fara pa tí wọ́n fi pè é. Bryant di ọ̀dọ́ tó pegedé jù ní ọdún yẹn, ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní National League, ọ̀kan nínú apá méjì tí MLB pín sí, ní 2016, Cubs sì gba ife ẹ̀yẹ tí wọn kò gbà mọ́ láti 1908. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù pe ẹjọ́ fún un. Ọdún 2020 ni ìdájọ́ tó dé, ó sì pàdánù, torí kò sí ibi tí òfin ti ní kí ẹgbẹ́ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pé òfin wà lẹ́yìn Cubs. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo ayé rí i pé ó ti tó, ẹ ní kó lọ kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ 12, kí ló fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà kò rí ẹgbẹ́ tó dára jù tí Cubs lè kó jáde. Ọdún keje tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí, ìyẹn 2021, Cubs fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú San Francisco Giants ní oṣù Keje.

Kí ni òfin 2022 yí padà?

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere bíi Seattle. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Kevin Mather tó jẹ́ ààrẹ Mariners, ẹgbẹ́ ìlú náà, bá ẹgbẹ́ Rotary kan sọ̀rọ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ìṣirò ọjọ́ iṣẹ́ wà lára ohun tó dá àwọn ọ̀dọ́ wọn dúró nísàlẹ̀. Fídíò ọ̀rọ̀ náà jáde, ó sì fi ipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ń fura sí, ẹnu ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ló ti jáde.

Nínú àdéhùn tuntun tí àwọn onílé-ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n fi nǹkan méjì kún un. Èkíní, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì nínú ìdìbò ọ̀dọ́ tó pegedé jù, ọdún kan gbáko ni wọ́n á kà fún un, ìgbà yòówù kí wọ́n pè é. Èkejì, bí ẹgbẹ́ bá gbé ọ̀dọ́ tó gbajúmọ̀ gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ ńlá láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ náà á rí àyè kan sí i mú nínú ìṣàyàn àwọn ọ̀dọ́.

Mariners yẹn kan náà ló kọ́kọ́ jèrè rẹ̀. Julio Rodríguez, ọmọ ọdún 21, bẹ̀rẹ̀ sáà 2022 lókè. Kò gbá home run kankan títí oṣù Kẹrin fi parí. Wọn kò dá a padà. Ó parí sáà pẹ̀lú 28, ó gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́, Mariners sì rí àyè tiwọn mú ní 2023. Pittsburgh gba ọ̀nà kejì: wọ́n fi Paul Skenes sílẹ̀ ní Indianapolis, ẹgbẹ́ kékeré wọn, di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Wọ́n ní àwọn ń sún iye tó ń jù sókè díẹ̀díẹ̀ nítorí apá rẹ̀, ìdí yẹn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún ajubọ́ọ̀lù. Skenes gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́. Òfin ka ọdún kan gbáko fún un, Pirates kò sì rí ọdún keje tàbí àyè ìṣàyàn kankan gbà.

Àmọ́ òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ọmọ tó dára ṣùgbọ́n tí kò ní ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì, ẹgbẹ́ ṣì lè fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tó máa bi wọ́n.

Ṣé ẹgbẹ́ lè fi ọmọ pamọ́ títí ayé?

Rárá. Tó bá ti pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wọṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà, ẹgbẹ́ ní láti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹni 40 tí wọ́n dáàbò bò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ mìíràn lè wá mú un ní oṣù Kejìlá. Báyìí ni Dodgers ṣe pàdánù Roberto Clemente sọ́wọ́ Pirates ní 1954. Ọdún 18 ló lò ní Pittsburgh, ó sì gbá bọ́ọ̀lù rere 3,000 fún wọn. Lẹ́yìn tí orúkọ ọmọ bá ti wọ ìwé yẹn, sáà mẹ́ta péré ni wọ́n lè máa fi rán an lọ rán an bọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀.

Tó bá gòkè tó sì kùnà ńkọ́?

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn olólùfẹ́ ni pé ìkùnà àkọ́kọ́ lè ba ọmọ jẹ́. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Mike Trout gòkè ní oṣù Keje ọdún 2011 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19. Nínú ìgbà 100 tó bá mú igi, kò rí ju 22 gbá dáadáa. Ọdún tó tẹ̀lé e, gbogbo àwọn olùdìbò pátá ló yàn án ní ọ̀dọ́ tó pegedé jù ní American League, apá kejì MLB. Jackson Holliday, tí Baltimore kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ ní 2022, gòkè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló rí gbá nínú 34, ó sì kúrò nídìí igi lọ́wọ́ òfo, láìfi bọ́ọ̀lù sínú pápá, ní ìgbà 18. Wọ́n dá a padà sí Norfolk, ẹgbẹ́ kékeré wọn, kí oṣù náà tó parí. Ọjọ́ tó padà, 31 oṣù Keje, home run àkọ́kọ́ tó gbá kó ẹni mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti Jarred Kelenic kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ọmọ tí ariwo pọ̀ jù lé lórí ní Seattle lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Mather. Nígbà tó dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ìgbà 39 tẹ̀léra ni kò rí bọ́ọ̀lù rere gbá kí wọ́n tó dá a padà, kò sì tíì rí bí wọ́n ṣe rò pé yóò rí látìgbà náà. Ẹgbẹ́ lè ní èrò owó lọ́kàn, kí ó sì tún jẹ́ òótọ́ pé ọmọ kò tíì tó. Ẹni tó ń bínú sí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ rántí ìyẹn.

Ìgbà wo gan-an wá ni?

Lójú tèmi, ọmọ ti tó lọ nígbà tí àwọn ajubọ́ọ̀lù Triple-A kò bá ní ohun tuntun kan láti fi dán an wò mọ́, tí ó sì dájú pé yóò máa gbá lójoojúmọ́ lókè. Bí nǹkan méjèèjì bá ti pé, kí wọ́n pè é lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, kó dúró, kí ẹgbẹ́ sì sọ èyí tó ṣẹ́ kù fún un ní tààrà.

Kí òfin tó gbà wọ́n láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìpàdánù, ìṣirò ọjọ́ ní láti yí padà. Àdéhùn 2022 máa parí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2026. Nínú ìjíròrò tó ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn náà, àwọn onílé-ẹgbẹ́ dá a lábàá pé kí òmìnira máa dé nígbà tí èèyàn bá pé ọdún 29 àbọ̀. Èyí á ran ẹni tó pẹ́ gòkè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gòkè ní ọmọ ọdún 20 á fi ọdún mẹ́ta kún ìsìn rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù, tí mo sì fẹ́ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò, ni pé kí wọ́n dín 172 yẹn kù dé bíi 100, kí ó má baà sí ẹgbẹ́ tó lè ra odindi ọdún kan pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì, torí ìwọ̀nba ẹgbẹ́ díẹ̀ ló máa fẹ́ fi ọmọ tó dára sílẹ̀ nísàlẹ̀ di oṣù Kẹfà tàbí Keje lọ́dún tí wọ́n ń lé ife ẹ̀yẹ.